Alárinà Tí Kò Fẹ́ Yẹ̀ba: Àsọyé Lórí Áàpù Tí A Fi Ń Wá Olólùfẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń ya fọ́tò mi kí n tó lanu, mo kí gbogbo yín o. Orí áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀rẹ́kùnrin, ọ̀rẹ́bìnrin, ọkọ tàbí aya ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ Tinder, ọ̀kan nínú áàpù wọ̀nyí, ìṣekúṣe ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí áàpù ọ̀hún wà nínú fóònù wọn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n ti pa ìró rẹ̀ kí ó má baà dún sí màmá létí. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Áàpù yìí, alárinà ni. Àwa Yorùbá sì mọ iṣẹ́ alárinà dáadáa, nítorí náà a lè fi ojú tí a fi ń wo alárinà wò ó: kí ló ń ṣe, kí ni kì í ṣe, ibo sì ni owó rẹ̀ ti ń wọlé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣì wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, ìfojúsóde ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún ọmọkùnrin tó bá ti tó gbéyàwó. Wọ́n á máa wo ọmọbìnrin lọ́jà, lódò, níbi tó ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Bí ojú wọn bá ti wà lára ẹnì kan, ìwádìí á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ta ni? Ṣé wọn kì í ya wèrè nílé yẹn? Ṣé kò sí wárápá níbẹ̀, kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé gbèsè kò ti bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀? Bí àwọn ará ilé ọkọ ṣe ń béèrè ni àwọn ará ilé ìyàwó náà ń béèrè tiwọn. Àárín gbogbo rẹ̀ ni alárinà wà, ẹni tí ilé méjèèjì mọ̀, tó ń gbọ́rọ̀ níbí lọ sọ lọ́hùn-ún, tó sì mọ̀ pé bí ohun tí òun sọ kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ilé òun. Bí ọkọ àti aya bá wá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ba. Wọ́n á fún un ní ẹ̀bùn rẹ̀, iṣẹ́ parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a padà síbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló wọlé ọkọ tí kò fẹ́ nínú ètò yẹn, tí wọ́n sì ní kí ó pa á mọ́ra. Àwọn ìdílé mìíràn wà tí àhesọ ẹyọ kan láti ẹnu ọ̀tá ti ilẹ̀kùn mọ́ lórí fún ìran méjì. Àwọn tó sá kúrò lábẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká wá wo alárinà tuntun. Ní 1995 ni Match.com bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni ènìyàn ní láti jókòó sí kí ó tó lè lò ó. Grindr dé ní 2009, Tinder ní 2012, Bumble ní 2014. Àwa tiwa níbí, kí èyíkéyìí nínú wọn tó gbajúmọ̀, 2go, áàpù ìbánisọ̀rọ̀ orí fóònù, la fi ń ṣe é, lẹ́yìn náà ni pin BlackBerry, nọ́ńbà tí a fi ń kọ̀wé síra lórí fóònù náà, tí a ó máa béèrè bíi pé nọ́ńbà àkáǹtì ni. Ṣé ẹ rántí? Àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín, mo ti mọ ibi tí ẹ ti pàdé ìyàwó yín.

Apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ alárinà, ìyẹn kí ẹni méjì tí kò mọra tẹ́lẹ̀ mọra, áàpù ń ṣe é débi tó yani lẹ́nu. Michael Rosenfeld ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2019 lórí ibi tí àwọn ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ra ní Amẹ́ríkà ti pàdé. Nínú 100 àwọn tó pàdé ní 2017, nǹkan bí 39 ló jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn tí ọ̀rẹ́ mú mọra, tí wọ́n jẹ́ 33 nínú 100 ní 1995, ti já wálẹ̀ sí 20. Àwọn tí mọ̀lẹ́bí mú mọra kò ju 7 lọ mọ́. Amẹ́ríkà nìyẹn o, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Houston wà lára àwọn tí à ń sọ.

Báwo ló ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó? Fọ́tò ni áàpù ń gbé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí o bá fi ìka gbá a sósì, o kò fẹ́ nìyẹn; bí o bá gbá a sọ́tùn-ún, o fẹ́; bí ẹ̀yin méjèèjì bá sì gbá ara yín sọ́tùn-ún, áàpù á jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan ní Bódìjà, agogo mọ́kànlá alẹ́, iná ti lọ, ó dùbúlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan yọ: ó fara ti mọ́tò, ó ti fi nǹkan bo nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Àtàǹpàkò gbá a sósì, ó lọ. Èkejì wọ agbádá níbi òde, owó wà níwájú orí rẹ̀, àwọn mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni òun gan-an. Òsì. Ẹ̀kẹta kọ ọ́ pé òun bẹ̀rù Ọlọ́run, òun ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, AA ni òun, òun kò wá ìranù. Kìlómítà mẹ́rin péré ló wà sí i. Ó dúró díẹ̀. Ọ̀tún. Lójijì, fóònù gbọ̀n, àwọ̀ mèremère bo ojú rẹ̀: ọkùnrin náà ti gbá tirẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ́lẹ̀! Inú rẹ̀ dùn. Ṣé ó kọ̀wé sí i? Rárá. Ó tún gbá ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Ìdùnnú yẹn kò wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, nítorí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó wá láti inú pé kò mọ ìgbà tí yóò ṣẹlẹ̀. B. F. Skinner, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi ẹyẹlé ṣe àyẹ̀wò èyí láyé ọjọ́un. Ó fi ẹyẹlé sínú àpótí, kí ó máa fi àgógó ẹnu sọ ohun kan kí oúnjẹ lè já bọ́. Bí oúnjẹ bá ń bọ́ ní iye ìgbà tí ẹyẹlé lè mọ̀, á jẹun, á sinmi. Bí kò bá sí bó ṣe lè mọ ìgbà tí yóò bọ́, á máa sọ ọ́ ṣáá, kò ní gbé ẹnu kúrò. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ èyí kí Skinner tó kọ ọ́ sínú ìwé. Jonathan Badeen, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Tinder sílẹ̀, tí gbígbá sọ́tùn-ún gbá sósì sì jẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba pé èrè tó ń wá lemọ́lemọ́ àmọ́ tí ènìyàn kò lè sọ ìgbà tí yóò wá ló ń mú ènìyàn tẹ̀síwájú jù lọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Bódìjà yìí burú jùyẹn lọ lójú tèmi. Tila Pronk àti Jaap Denissen, àwọn olùwádìí ní Netherlands, to àwọn fọ́tò síwájú àwọn tó ń wá olólùfẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí áàpù ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 2020 ni ìwé náà jáde. Bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń wò ó lọ ni wọ́n ń le sí i: láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, àǹfààní pé wọn yóò gba ẹni tó kàn fi 27 nínú 100 dínkù. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò burẹ́wà ju àwọn ti iwájú lọ. Ojú tó ń wò wọ́n ló ti sú. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ náà ni ìrètí tiwọn fúnra wọn ń rẹlẹ̀, pé bóyá kò tilẹ̀ ní sẹ́ni tí yóò gba àwọn náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ti wo ẹgbẹ̀rún ọkùnrin, kò sẹ́ni gidi kan níbẹ̀, ó lè máà purọ́. Kí ó dé orí ọgbọ̀n kí ó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo máa ń sọ fún wọn.

Ní ti owó, alárinà tiwa, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ra ló gba ẹ̀bùn. Alárinà yìí, bí ẹ kò bá tíì fẹ́ra ló ń jẹun. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn púpọ̀ sí i rí òun, tàbí tó fẹ́ mọ ẹni tó ti gbá òun sọ́tùn-ún. Ọjọ́ tí o bá rí ọkọ, ọjọ́ náà ni wọ́n pàdánù oníbàárà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Hinge, áàpù mìíràn irú wọn, ń polówó ara rẹ̀ pé torí kí ènìyàn lè pa òun rẹ́ lórí fóònù ni wọ́n ṣe dá òun. Ó dùn létí. Ilé iṣẹ́ Match Group ló ni Hinge, òun náà ló ni Tinder, òun ló ni OkCupid. Tí o bá kúrò níbí tí o lọ sọ́hùn-ún, ọwọ́ kan náà lo ṣì wà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì 2024, Ọjọ́ Olólùfẹ́ gan-an, àwọn oníbàárà mẹ́fà gbé Match Group lọ sí ilé ẹjọ́ ní California, wọ́n ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn áàpù náà kí ó lè di bárakú. Ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n alárinà tí yóò pàdánù owó bí ẹ bá fẹ́ra, ẹ ní láti máa ṣọ́ ọ.

Mo ní alárinà ń mú ènìyàn mọra, ó sì ń wádìí. Ìwádìí yìí ni áàpù gbé kalẹ̀ tó lọ, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti gbé e kalẹ̀.

Irọ́ kékeré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Catalina Toma, Jeffrey Hancock àti Nicole Ellison kó 80 ènìyàn jọ ní New York, wọ́n wọn gíga wọn, wọ́n wọn ìwọ̀n ara wọn, wọ́n wo ọjọ́ orí wọn lórí ìwé awakọ̀, wọ́n wá fi wé ohun tí wọ́n kọ nípa ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2008 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀. Nínú 100, 81 ló purọ́ lórí ó kéré tán ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ púpọ̀ irọ́ náà kò ju bíńtín lọ: ọkùnrin fi díẹ̀ kún gíga, obìnrin yọ díẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n ara. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ìpàdé ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pàdé rẹ lóòótọ́, irọ́ rẹ̀ ní ibi tó mọ.

Ẹni tí kò ní pàdé rẹ láéláé ni irọ́ rẹ̀ kò ní òpin. Àjọ Federal Trade Commission ti Amẹ́ríkà ní ní 2022 nìkan, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló wá fẹjọ́ sùn pé olólùfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lu àwọn ní jìbìtì, owó tí wọ́n pàdánù sì tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọmọ wa wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ Yahoo ní ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní format, wọ́n ń tà á fún ara wọn. Ẹni tí wọ́n ń lù ni wọ́n ń pè ní client. Sójà Amẹ́ríkà tó wà lójú ogun ni, tàbí ẹnjiníà tó ń wa epo láàárín òkun. Á ní kí ẹ kúrò lórí áàpù bọ́ sórí WhatsApp. Ẹ ó jí, ìkíni rẹ̀ ti wà ńlẹ̀. Ẹ ó sùn, òun ló sọ ó dàárọ̀. Kò ní tọrọ owó títí ọkàn yóò fi balẹ̀. Ìgbà tó bá tọrọ, kékeré ni.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè ni pé, báwo ni ìyá àádọ́ta ọdún tó kàwé ṣe máa fi owó ránṣẹ́ léraléra? Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó ti fi 500 dọ́là ránṣẹ́, bí ó bá gbà lónìí pé irọ́ ni, ohun mẹ́ta ló pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà: owó lọ, olólùfẹ́ tó ń kí i láràárọ̀ lọ, iyì ara rẹ̀ lójú ara rẹ̀ lọ. Ó rọrùn fún un láti fi 1,000 kún un kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òpònú kọ́ ni. Ó dá wà ni. Kò sì sí ẹ̀gbọ́n kankan tó jókòó tì í láti béèrè pé, "Ọmọ ta ni?"

Ewu tó ju ti owó lọ wà. Ní oṣù Keje 2012, àwọn ọkùnrin tí ọ̀dọ́bìnrin kan mọ̀ lórí Facebook pa á ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní FESTAC, l'Ékòó. Ní 2017 ni ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Ọ̀kan tún wà tí mo mọ̀ pé àwọn kan níbí kò ní fẹ́ gbọ́, màá sọ ọ́ ṣáá. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin náà wà lórí áàpù. Àwọn jàǹdùkú mọ̀, wọ́n á díbọ́n bí olólùfẹ́, wọ́n á pè wọ́n wá sí yàrá kan, wọ́n á lù wọ́n, wọ́n á gba fóònù wọn, wọ́n á fi dandan kó owó inú báńkì wọn. Kito ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Ohun yòówù tí ẹ ìbáà máa rò nípa wọn, olè ni wọ́n jà wọ́n, wọn kò sì rí ibi ké sí.

Nǹkan mìíràn tí àìsí mọ̀lẹ́bí láàárín mú wá ni pípòórá. Ẹni tí ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, lọ́jọ́ kan kò dáhùn mọ́. Kò kú, o ń rí i pé ó wà lórí WhatsApp. Láyé alárinà, bí ọkùnrin bá ṣe irú ìyẹn, ẹnì kan yóò wọ bàtà lọ bá bàbá rẹ̀ nílé láàárọ̀ kùtù. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa di ẹ̀bi gbogbo ru ọkùnrin Yorùbá, wọ́n tilẹ̀ sọ wá ní "Yoruba demon". Èmi ò ní gbèjà wa jù. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá lè pòórá láìsí pé ẹnikẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀ gbọ́, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ pípòórá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, èyí kàn yín. Ní 2014, Christian Rudder, ọ̀kan nínú àwọn tó dá OkCupid sílẹ̀, gbé ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń ṣe síta: púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe aláwọ̀dúdú ló ń fún obìnrin aláwọ̀dúdú ní máàkì tó rẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sí ìyẹ̀wù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Maryland, tí kò rí ẹni dá a lóhùn, kò mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà. Fọ́tò rẹ̀ ni yóò máa pààrọ̀. Àwọn kan á ní ohun tó wu ojú ló wu ojú, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Èmi kò gbà. Ojú kì í dá kọ́ ohun tí yóò wù ú.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń gbìyànjú láti dá apá ìwádìí padà. Muzz, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn Mùsùlùmí, fàyè gba obìnrin láti mú walí rẹ̀, ìyẹn bàbá tàbí ìbátan rẹ̀ ọkùnrin tó ń dúró fún un, wọ inú ọ̀rọ̀ tí òun àti ọkùnrin ń bá ara wọn sọ. Àwọn Mùsùlùmí tó wà níbí mọ ohun tí walí ń ṣe níbi yìgì, ẹ kò nílò àlàyé mi.

Ṣé àwọn tó pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pẹ́? John Cacioppo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo 19,131 ènìyàn tó ṣègbéyàwó ní Amẹ́ríkà láàárín 2005 sí 2012. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbéyàwó tiwọn sì fi díẹ̀ lágbára ju ti àwọn tó kù lọ. eHarmony, ilé iṣẹ́ tó ń mú ènìyàn mọra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sanwó ìwádìí náà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí ẹ tilẹ̀ yọ iyọ̀ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ìgbéyàwó irú wọn ń tètè tú.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán tí àyè ìbéèrè ṣí sílẹ̀, ìyá kan dìde, ó ní ọmọ òun obìnrin tó ti di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà lórí ọ̀kan nínú áàpù wọ̀nyí, ṣé kí òun ní kí ó yọ ọ́ kúrò? Mo ní, "Mà, ṣé òun ló sọ fún yín, àbí ẹ rí i?" Wọ́n ní àwọn rí i ni. Mo ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó ń fi áàpù pamọ́ fún yín kò ní dẹ́kun àtilò ó. Ohun tí yóò dẹ́kun ni pé kó sọ orúkọ ọkùnrin tó fẹ́ lọ pàdé fún yín. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kò ní pariwo. Kí ó fi orúkọ ọkùnrin náà, fọ́tò rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé ránṣẹ́ sí yín tàbí sí àbúrò rẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀sán, kí ó jẹ́ ibi tí èrò wà, kí wọ́n sì ti rí ojú ara wọn lórí fídíò ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ tí ìyá yín ṣe fún yín: ẹ wádìí ilé rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá béèrè pé ìgbà wo ló yẹ kí òun béèrè genotype lọ́wọ́ ọmọbìnrin, kó má baà dà bíi pé òun ń gba ènìyàn síṣẹ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àwọn AS méjì tó bá sì fẹ́ra lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ní kí ó béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ tòun. Mo ní kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbá ẹnikẹ́ni sọ́tùn-ún mọ́.